Ìwọ̀n Omi ni Ìwọ̀n Iná
(Àsọyé tí a ṣe níwájú Ẹgbẹ́ ní Bódìjà, Ìbàdàn)



Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú yín, ẹni tí odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní àdúgbò yìí, bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun fi ẹ̀rọ sí odò náà, kí ó lè máa fún ilé òun ní iná mànàmáná. Ó ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Ìfẹ́ rẹ̀ dára, kì í sì í ṣe ohun àjèjì: ní 1929 ni a dá ilé-iṣẹ́ NESCO sílẹ̀, tí ó fi omi Kurra lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì ṣe iná fún àwọn awakùsà. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti wọn omi náà bí?” Ó ní rárá.

Ohun méjì ni a ń wọ̀n, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni a sì ń wọ̀n wọ́n: iye omi, àti gíga ibi tí ó ti ń ṣubú. Bí garawa oní-lítà 20 bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 2, lítà 10 ni odò náà ń mú wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi iye mítà tí omi fi ń ṣubú sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi 10 sọ èyí di púpọ̀. Wáàtì tí ń bẹ nínú omi nìyẹn, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni yóò sì dé ilé. Bí ìṣubú bá jẹ́ mítà 10, a ó rí wáàtì 500. Odò ọ̀rẹ́ wa ń mú lítà 10 wá, ṣùgbọ́n ìṣubú rẹ̀ kò ju mítà 1 lọ: wáàtì 50 péré.

Níbi tí omi bá tó, ẹ̀rọ ń fẹ́ àbójútó. Kí asẹ́ wà lẹ́nu páìpù nítorí ewé. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa ṣí omi, díẹ̀díẹ̀ ni kí a sì máa tì í. Bí a bá tì í lójijì, agbára omi tí ń bọ̀ lè bẹ́ páìpù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnu tín-ín-rín ni kí omi gbà jáde sára kẹ̀kẹ́, kí páìpù lè máa kún. Bí a bá sì pa púpọ̀ nínú iná ilé, kẹ̀kẹ́ a sáré ju bí ó ti yẹ lọ, a sì jó àwọn gílóòbù tí ó kù. Nítorí náà, kí a fi iná tí ó ṣẹ́ kù máa gbé omi kaná.

Ọ̀rẹ́ wa wí pé òun yóò sé odò náà kí omi lè ga. Níbẹ̀ ni mo kọ̀. Àwa ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bo ilé àti ènìyàn, tàbí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, nígbà tí ìkún-omi tún pa ẹni tí ó ju 100 lọ nínú ìlú yìí. Omi tí a sé nítorí gílóòbù mélòó kan lè di ikú fún aládùúgbò ẹni ní ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀yin olóyè, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ọ̀nà omi ní àdúgbò yín, ìbáà ṣe nítorí ohun rere.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rẹ́ wa ní oko kan lẹ́bàá òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Mo ti gbà pé, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èmi yóò bá a gbé garawa lọ síbẹ̀. Nígbà tí a bá wọ̀n ọ́n tán ni a ó tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí a ó rà.