Ta Ni Bàbá Òròmọdìẹ Ilé Yín?

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí adìẹ, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Nínú àwa tí a ti fẹ̀yìn tì, mélòó ni kò ní adìẹ mẹ́wàá tàbí ogún lẹ́yìnkùlé? Ẹyin tí àwọn ọmọ-ọmọ ń jẹ, owó tí a fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá pẹ́, ṣebí ibẹ̀ náà ló ti ń wá.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Àwọn òròmọdìẹ tó ń sá kiri lẹ́yìnkùlé yín, ta ni bàbá wọn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Títí di ọdún 2016, èmi ò mọ̀. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń bọ̀, àkùkọ tó tóbi jù, tó ń dán, òun ni mò ń tà, torí òun ló ń pa owó. Bí àlejò bá dé, àgbébọ̀ tó sanra jù la ó lé mú. Èyí tó kù nílé ńkọ́? Akọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín tí ẹnikẹ́ni ò rà. Òun ló wá ń gun gbogbo abo. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, adìẹ mi kéré bí àparò, mo sì ń pariwo pé adìẹ ìbílẹ̀ ò dára. Irọ́ ni. Èmi ni mò ń ṣà wọ́n, òdì ni mo sì ń ṣà.

Ìjọba náà ti gbìyànjú rí. Àwọn àgbà wa á rántí ètò pàṣípààrọ̀ àkùkọ, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa àti káàkiri Áfíríkà: ẹ mú akọ ìbílẹ̀ wá, kí ẹ gba akọ òyìnbó bíi Rhode Island Red. Àìsàn pa púpọ̀ nínú àwọn àlejò yẹn, àwọn kan wọ ìkòkò ọbẹ̀, akọ ìbílẹ̀ tó ṣẹ́kù lágbo ò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ẹyin wọn pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ sàba mọ́. Ta ni yóò wá pa á? Ní Yunifásítì FUNAAB, Abẹ́òkúta, ara adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ṣà á láti ìran dé ìran, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí wọ́n fi forúkọ FUNAAB Alpha sílẹ̀ lọ́dún 2018.

Kíkọ sílẹ̀ yẹn ni mo mú ńbẹ̀. Mo so òwú aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ abo kọ̀ọ̀kan, mo ra ìwé kan. Ẹyin mélòó ló sàba lé? Mélòó ló pa lọ́jọ́ kọkànlélógún? Mélòó ló yè di ọ̀sẹ̀ kẹjọ? Funfun mi sàba lé ẹyin 13, ó pa 9, méjì ló yè, àwòdì kó ìyókù. Dúdú sàba lé 11, ó pa 10, mẹ́jọ yè. Tẹ́lẹ̀, funfun ni mò ń yìn! Ọmọ dúdú ni mo dá sí, n ò tà wọ́n bó ti wù kí owó wọn tó.

Akọ kan tó abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ títí yóò fi máa gun àwọn ọmọ tó bí. Ẹyin á máa bàjẹ́ lábẹ́ ìyá, òròmọdìẹ á máa kú. Lọ́dọọdún ni mo ń pààrọ̀ tèmi. Bí ẹ bá rí akọ dáadáa ní gáà Fúlàní, ẹ rà á, adìẹ wọn máa ń tóbi ju tiwa lọ. Ẹ má sì kẹ́gàn abọ́lọ́rùn. Àwọn kan rò pé ètùtù nìkan ló wà fún, bẹ́ẹ̀ ọrùn tí kò níyẹ̀ẹ́ yẹn ló ń gbé ooru jáde lára rẹ̀, ẹ sì mọ bí oòrùn Òkè-Ògùn ṣe ń rí lóṣù kẹta.

Gbogbo èyí, òfo ni bí lùkúlùkú bá bá ọyẹ́ wọlé. Láti 1952 sí 1953 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, lágbègbè Ìbàdàn. Kò ní oògùn tó ń wò ó, àjẹsára nìkan ló wà. Ìgò kan máa ń tó igba adìẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní mẹ́wàá fi ń sọ pé ó wọ́n. Ẹ da owó pọ̀ ládùúgbò, kó tó di pé ọyẹ́ dé. Omi kànga ni kí ẹ pò ó mọ́; omi ẹ̀rọ tí wọ́n da kẹ́míkà sí ń pa àjẹsára náà. Ẹ fi òùngbẹ dán àwọn adìẹ wò díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún wọn, kí wọ́n mu ún tán kíákíá.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. A ní ẹlẹgbẹ́ ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò, Ìgbòho. Akọ tó ti di bàbá-ìyàwó lágbo tèmi, àlejò ni lágbo tiyín. Lọ́dọọdún tí a bá pàdé, kí a máa pààrọ̀ wọn. Ẹ kàn yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bá tiyín jẹun. Mo gbé méjì wá, ọmọ dúdú ni wọ́n, àgò wọn wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbí. Ẹni tó bá ní akọ tí yóò fi dípò, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fún ọbẹ̀ o.