Owó Tí Ó Ń Jò Nínú Fóònù

Ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá yín sọ: owó tí ó ń kúrò nínú fóònù nígbà tí ẹ kò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ìyá kan ní Manigri ra kírédì 500 sẹ́fà lálẹ́. Ó fẹ́ fi pe ọmọ rẹ̀ ní Parakou láàárọ̀, kí ó bi í léèrè iye tí wọ́n ń ra kájù níbẹ̀. Oníbàárà tí yóò ra kájù rẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀sán. Ilẹ̀ mọ́, ìyá tẹ nọ́ńbà, fóònù ní kírédì kò tó. Ìyá bá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ní òun ni ó fi fóònù ṣeré. Ọmọ bú sẹ́kún. Ta ni ó gba owó náà?

Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọn kì í pàtẹ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń tajà: orin tí ó ń dún sí etí ẹni tí ó bá pè yín, ìròyìn bọ́ọ̀lù, eré orí fóònù, tẹ́tẹ́. Wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ tẹ 1. Bí ọmọdé bá tẹ 1, ọjà ti tà nìyẹn. Wọn kì í sì í sábà gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń gba 50 sẹ́fà lójúmọ́, ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di 1,500. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tẹ ohunkóhun, owó ṣá ń lọ.

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí. Nítorí náà, ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí bí ẹ ti kọ́ orúkọ yín. Abonnement: ẹ ti wọ inú ọjà tí wọn yóò máa gba owó rẹ̀ lemọ́lemọ́. Renouvellement: wọ́n tún ti gba owó. Désabonnement: ẹ ti jáde. Bí ẹ bá rí renouvellement, tí ẹ kò sì rántí ọjọ́ tí ẹ ra nǹkan, ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Ẹlẹ́rìí yín ni.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin tí ó dáàbò bo oníbàárà ní 2007. Ní 2018 ó tún ṣe òfin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, èyí tí ó kan ọjà títà lórí fóònù. Ẹni tí ó ń tajà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye rẹ̀ hàn kedere kí oníbàárà tó gbà. Àwọn ìyá ọjà Bassila kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Ta ni yóò ju iṣu sínú agbọ̀n ẹni tí ń kọjá lọ, tí yóò sì ki ọwọ́ bọ àpò onítọ̀hún?

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ kọ́kọ́ dí ihò náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ sábà máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi ránṣẹ́ kí ó lè dúró, bíi STOP, àti nọ́ńbà tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí. Àwọn ẹbí wa tí ó wà ní Nàìjíríà ní nọ́ńbà tiwọn, 2442, láti 2016, tí wọ́n fi ń dá àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró. Ẹ má ṣe lo ti wọn níhìn-ín. Ti ibẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, iye tí ó lọ, àti nọ́ńbà tí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù yín, ìbáà ṣe MTN, Moov tàbí Celtiis. Ọmọ tí ó ń ta kírédì lábẹ́ agboòrùn kọ́ ni kí ẹ bá jà o. Kò gba owó yín, kò sì lè dá a padà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń kùnà: orúkọ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ ni ó wà lórí síìmù wa. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, kí onítọ̀hún bá yín lọ.

Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: “Nọ́ńbà mi nìyí. Ní ọjọ́ báyìí, ẹ gba 50 sẹ́fà. Èmi kò ra nǹkan kan. Ẹ fi ọjọ́ tí mo gbà hàn mí. Bí kò bá sí, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì dá owó mi padà.” Ẹ kọ nọ́ńbà yín pé, mẹ́wàá, tí ó fi 01 bẹ̀rẹ̀, bí ó ti rí láti oṣù kọkànlá 2024. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọn kò bá dáhùn, ARCEP ni ó kàn. Òun ni ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, Kútọnu ni ó wà. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín àti nọ́ńbà ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí wọn. Ó lè pẹ́ kí owó tó padà. Nígbà mìíràn ìjò náà nìkan ni yóò dúró. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Ti mómò yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá pè yín, tí ẹ sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún un, tí owó sì lọ, olè ni. Ẹ pe ilé iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àpò yín pa, kí ẹ sì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ní ti ìyá Manigri wa, kí ó tó tún bá ọmọ yẹn wí, kí ó ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ inú fóònù rẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: renouvellement.