Òdo Kì í Ṣe Òfo

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú owó ọkọ̀ láti Ìbafo àti Mówé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo mọ̀ pé òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà ti wọ ibí. N kò ní pẹ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ JavaScript, ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ní àdúgbò Lotto níbí ní kí n kó orúkọ àwọn oníbàárà òun sínú kọ̀ǹpútà. Object kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ, fóònù, gbèsè. Inú array kan ni mo to gbogbo wọn sí. Àlàfo pọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ gbá a mọ́. Mo fi map mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi Object.entries tú wọn, filter(([k, v]) => v) ni asẹ́ mi, mo wá fi Object.fromEntries dì wọ́n padà. Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, màmá pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni undefined? Ṣé ó ti sanwó ni, àbí kò tíì san?"

Àyè gbèsè àwọn tó ti san tán ni kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí! Gbèsè wọn jẹ́ 0, asẹ́ mi sì gbé 0 dànù pẹ̀lú null àti "". Lójú JavaScript, irọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n " ", tí kò ní ju àyè kan ṣoṣo lọ, ń kọjá wọlé bí ọlọ́lá, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi trim gé e. (Ẹ má bá Brendan Eich jà púpọ̀, ọjọ́ 10 ló fi ṣe èdè náà lọ́dún 1995.) Ohun tó kó mi yọ ni pé map àti filter kì í ba array àtijọ́ jẹ́, tuntun ni wọ́n ń dá.

Ọmọ Ọbáfẹ́mi-Owódé wo ni kò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣa ìrẹsì Ọ̀fàdà rí? Òkúta là ń ṣà. Ẹni tó bá ń da hóró nù nítorí pé ó pupa, ìkòkò rẹ̀ ò ní kún.

Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ yọ gan-an: v != null && v !== "". Àmì != null yẹn ń mú undefined náà, kò sì ní fọwọ́ kan 0.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yọ ohunkóhun nínú ìwé oníṣòwò, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: "Màmá, kí ni òfo lọ́dọ̀ yín?"

Ó yá, oúnjẹ ti délẹ̀.