Nígbà Tí Òógùn Kò Gbẹ Mọ́

Ẹ ó rántí oṣù Kejì ọdún 2024, tí ooru mú gan-an ní Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà. Bí òógùn bá ń gbẹ lára ni ara fi ń tutù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í gbẹ mọ́, ooru á sì há sínú ara. Ìdí nìyẹn tí ooru ọjọ́ wọ̀nyẹn fi rí lára bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ nínú ẹgbẹ́ World Weather Attribution ṣírò pé epo, gáàsì àti èédú tí ọmọ aráyé ń sun ti mú kí irú ooru bẹ́ẹ̀ lè wáyé ní ìlọ́po 10 ju ti àtijọ́ lọ. Ìyá tó ń pàtẹ lóòrùn àti bíríkìlà tó ń pò sìmẹ́ńtì kọ́ ló fa èyí, síbẹ̀ àwọn ló ń jẹ palaba ìyà rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ yà wo àgbàlagbà tó ń dá gbé. Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan tó sì ń ṣèrànrán, ẹ fi omi tútù sí i lára, kí ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.