Ọyẹ́ dé: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lọ sí Niamey mọ̀ kó tó gbéra



Bí wọ́n bá dárúkọ ìrìnàjò ìgbà òtútù, yìnyín London tàbí ti Toronto ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà ní tirẹ̀.

Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ooru oṣù Kẹrin máa ń lé ní 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ọyẹ́ bá dé, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, òru lè tutù dé nǹkan bíi 16. Ìgbà yẹn ni ìrìn máa ń rọrùn jù, yálà fún oníṣòwò tàbí fún ẹni tó fẹ́ lọ wo àwọn àgùnfọn Kouré, nǹkan bíi 60 kìlómítà sí Niamey. Ẹni tó bá ń ro ti Kouré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bí ààbò ṣe rí, nítorí àwọn agbébọn pa èèyàn mẹ́jọ níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2020.

Àmọ́ ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Eruku ọyẹ́ máa ń gbẹ imú àti ọ̀fun, ó sì máa ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún kòkòrò tó ń fa àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń mú kí awọ tó bo ọpọlọ wú. Itọ́ àti ikọ́ ló ń gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ọkọ̀ tí èrò fún mọ́ra wọn nínú rẹ̀, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù, ibi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn.

Àdúgbò kan wà ní Niamey tí wọ́n ń pè ní Lazaret. Ní èdè Faransé, lazaret ni ilé tí wọ́n máa ń dá arìnrìnàjò dúró sí, tí wọ́n bá fura pé àrùn tó ń ràn wà lára rẹ̀. Lọ́dún 2015, ilé ìwòsàn Lazaret wà lára ibi tí wọ́n ti tọ́jú àwọn tí yírùnyírùn kọlù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ oníṣègùn MSF. Àwọn tí wọ́n fura pé ó mú ní Niger lọ́dún náà lé ní 8,500, àwọn tó kú sì lé ní 570.

Kí ló fà á? Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Niger bẹ̀rẹ̀ sí í fún aráàlú lọ́dún 2010, irú A nìkan ló ń dènà. Irú C ló wá dé. Ó ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Sokoto lọ́dún 2013 àti ní Kebbi lọ́dún 2014, kó tó di ti Niger.

Nítorí náà, kí ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ rí béèrè irú èyí tó gbà. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó ń lọ sí Hajj ń dènà A, C, W àti Y. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò ló yẹ kéèyàn ti gbà á, kí ara lè ráyè gbáradì. Káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń béèrè ní ẹnubodè, ti ibà pọ́njú ni. Kì í ṣe ẹ̀rí àjẹsára yírùnyírùn.

Bí ara gbígbóná, ẹ̀fọ́rí àti ọrùn gígan bá mú èèyàn lẹ́yìn tó dé, kó má ṣe ra oògùn ibà ní kẹ́mísì kó wá lọ sùn. Láìsí ìtọ́jú, àrùn yìí lè pa ìdajì àwọn tó bá mú, ẹni tó bá sì yè é lè di adití. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún dókítà pé Niger lòun ti ń bọ̀.