Ilẹ̀ Tí A Yá, Igi Tí A Kò Lè Gbìn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Kétu

Àwa tí a fi bírò ṣe ilé títí a fi fẹ̀yìn tì, oko náà ni a padà sí. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni a wá sọ.

Àgbẹ̀ kò dúró de onímọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Níbí, òjò méjì ni ọdún wa ní: àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta dé oṣù keje, àti àrọ̀kúrò, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. Ìyẹn ni àwọn bàbá wa gbójú lé. Nísinsìnyí, òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, a ó sáré gbin àgbàdo. Òjò á wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Àgbàdo tó hù á kú, a ó tún wá owó irúgbìn mìíràn. Ẹ bi àwọn ìyá wa: wọ́n á ní àrọ̀kúrò ló ń já àwọn kulẹ̀ jù, pé ó ń tán kí ẹ̀wà tó gbó.

Síbẹ̀, àgbẹ̀ kò káwọ́ lérí. Wọ́n ń gbin àgbàdo tó máa ń gbó ní nǹkan bí 90 ọjọ́. Wọn kì í gbin gbogbo oko lọ́jọ́ kan mọ́. Wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ sáàárín àgbàdo, wọ́n ń gbin òtílí kí ilẹ̀ tó ti rẹ̀ lè sinmi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ìwọ̀nyí ń gbà wá. Èyí tó ń gbani pẹ́ ni igi: òjìji rẹ̀ ń dá ọ̀rinrin dúró, ewé rẹ̀ ń di ọ̀rá ilẹ̀, èso rẹ̀ ń mówó wá lọ́dún tí àgbàdo bá kọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan wa. Àṣà wa kò jẹ́ kí ẹni tó yá ilẹ̀ gbin igi tó ń pẹ́. A mọ ìdí rẹ̀: igi ni ẹlẹ́rìí ilẹ̀. Ẹni tó gbin kajú lónìí, ọmọ rẹ̀ lè wí lọ́la pé ogún bàbá òun ni. A rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní bírò. Àwọn àgbà tó fi àṣà náà lélẹ̀ kò ṣe òmùgọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa fúnra wa ti kọ̀ fún àlejò kan pé kò gbọdọ̀ gbin kajú sí ilẹ̀ ìdílé wa. Ó gbọ́, ó gbin àgbàdo léra-léra, ó gé igi tó kù fún èédú, ó sì kó lọ. A gba ilẹ̀ wa padà. Koríko ẹ̀kan ni a gbà. Ta ni kó dá lẹ́bi? Ẹni tí a lè lé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló máa tọ́jú ilẹ̀ fún? Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kó dúró tí ọkọ bá lọ.

Nítorí náà, ohun kan ni a ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin olóyè. Ẹ má fọ àṣà. Ẹ fi ìwé tì í lẹ́yìn. Òfin 2013-01 ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi ìgbìmọ̀ ọ̀ràn ilẹ̀ sí abúlé. Níwájú wọn, kí onílẹ̀ àti ayálẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ní Faransé àti ní Yorùbá: ilẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀ títí láé; igi yìí, ẹni báyìí ló gbìn ín; èso rẹ̀, báyìí ni a ó ṣe pín in; ọdún báyìí ni àdéhùn yóò pé. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Kí a kọ orúkọ obìnrin síbẹ̀ bó bá jẹ́ òun ló ń ro oko náà.

Kí baálẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Igi kan kì í dá igbó ṣe. A kò lè pàṣẹ fún òjò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa.