Ìbágbépọ̀, Ìdààmú Ọkàn àti Ìlera: Ohun tí Ìwádìí Àwọn Oníṣègùn Fi Hàn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó tún jẹ́ kí Rámàdáànì ọdún yìí ṣojú wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn oníṣègùn òde òní ti gbé ka orí òṣùwọ̀n, òun náà ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ní Alameda County, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé ìgbésí ayé àgbàlagbà 6,928 fún ọdún 9, bẹ̀rẹ̀ láti 1965. Lisa Berkman àti Leonard Syme gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1979. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn tí kò ní aya tàbí ọkọ, ọ̀rẹ́, ẹbí tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá ṣe, ikú pọ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí ó ní wọn lọ. Wọ́n ro ti sìgá àti ọtí mọ́ ọn, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò parẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé kì í ṣe àìsàn ni ó kọ́kọ́ mú wọn tí àwọn ènìyàn fi jìnnà sí wọn? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní 1997, Sheldon Cohen ti Yunifásítì Carnegie Mellon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí lórí ènìyàn 276 jáde, tí ara gbogbo wọn le, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n kán omi tí kòkòrò ọ̀fìnkìn wà nínú rẹ̀ sí wọn nímú, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ewu pé ọ̀fìnkìn yóò mú ẹni tí oríṣi ìbáṣepọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí ó ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí i, oríṣi ìbáṣepọ̀ ni wọ́n kà: aya tàbí ọkọ, òbí, ọmọ, aládùúgbò, ará ibi iṣẹ́, ará ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó jẹ́ pé ibi iṣẹ́ nìkan ni ó ti mọ ènìyàn, ọjọ́ tí ó bá fẹ̀yìn tì ni aṣọ bọ́ lára rẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Bí ìdààmú bá dé, ara a máa tú oje kan tí à ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó wúlò. Ṣùgbọ́n bí ìdààmú kò bá lọ, oorun á dàrú, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á sì dínkù. Ẹni tí ó bá rí ẹni gbọ́ tirẹ̀, ẹrù náà á fúyẹ́.

Ní Zimbabwe, àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn yìí ní kufungisisa, èyí tí ó túmọ̀ sí ríronú jù. Láti 2006 ni Dixon Chibanda, oníṣègùn ọpọlọ, ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́kàn wúwo, kí wọ́n sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Ní 2016, èsì ìwádìí lórí ènìyàn 573 ní ìlú Harare jáde. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 ẹni tí wọ́n bá jókòó báyìí, bí 14 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣì wà lára wọn. Nínú 100 àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá, bí 50 ni.

Nílé wa níbí náà, ní 1954, Thomas Adeoye Lambo ṣètò ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, pé kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàrin àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn kan, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́: Lambo kò torí abúlé pa oògùn tì. Àdúrà àti ìbẹ̀wò kò ní kí a má lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í sì í ṣe gbogbo àìsàn ọkàn ni ti àlùjànnú, kì í sì í ṣe àmì àìnígbàgbọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ tètè mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Ní oṣù yìí, à ń ṣínu pọ̀, à ń kí tàráwíì pọ̀. Bí oṣù bá parí ńkọ́? Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, bí ẹni tí ó máa ń dúró tì ọ́ nínú sàfù kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ wò ó nílé. Èkejì, kí ẹgbẹ́ Àsàlátù yan àwọn ìyá tí ó lè pa àṣírí mọ́, tí yóò máa gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́rù ọkàn. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun tàbí l'Ékòó, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n owó kò lè jókòó ti ìyá yín.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó má fi wá sílẹ̀ fún ara wa. Àmín.